Ìgò Kẹrin, láti Ìsàlẹ̀ Kòtò

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà

Kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí dìde dúró ná. Èmi tí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, èmi ni mo wá ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń wá láti ọjọ́ táláyé ti dáyé kàn. Mo fà á jáde lábẹ́ ẹrẹ̀, mo gbé e sọ́kọ̀, mo gbé e wálé.

Ó dára. Ẹ jókòó. Kì í ṣe láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, ọdún méjì ni ọmọ mi ti ń wá a. Èmi kọ́ ni mo sì rí i. Ìgò ni mo gbé sórí tábìlì lọ́jọ́ Ajé, mo bá tèmi lọ. Nígbà tó fi di àárọ̀ òní, omi inú ìgò kẹrin ti pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Ìhanrun nìkan ni iṣẹ́ tí mo ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ta ló wa ọkọ̀? Èmi ni.

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn, tí mo ń pè ní Ìyá Ìgò, pariwo débi pé ìyá rẹ̀ sá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ òun wà nínú simẹ́ǹtì ọsibítù, ó fẹ́ fò.

"Bàbá! Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo nǹkan tẹ́ ẹ bù wá!"

Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wọ yunifásítì, kò pè mí wá wo nǹkan kan rí. "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án" ni mo máa ń gbọ́.

Ìwé tí mo ń kọ yìí náà, òun ló fún mi. Láti ọjọ́ tó ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn èbúté, èmi ni mo ń bá a lọ sórí adágún ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tukọ̀ kí wọ́n tó kọ́ afárá, omi náà mọ̀ mí. Ìgò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́ta láti etí, ẹ̀kẹrin láti Kòtò, níbi tí ọ̀pá mi kì í ti í kanlẹ̀. Màá ti páìpù bọ inú ẹrẹ̀, màá fa omi rẹ̀, màá dé ìgò lábẹ́ omi kí ìfófòó kankan má baà kù nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá, ó ní. Iwájú ìwé ni mo ń kọ ọjọ́, wákàtí, ojú ọjọ́ àti nọ́ńbà ìgò sí. Ẹ̀yìn ìwé ni tèmi.

Ohun tí n kò kọ síwájú: lọ́jọ́ Ajé, bí mo ṣe ń bọ̀ láti èbúté, mo yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi onígbàjámọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi po lọ́fíńdà tuntun, àwọn ńláńlá ló ń lò ó. Fi imú kàn án." Mo ṣí ìgò kẹrin fún un. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ojú ẹ̀ yí, ó fọwọ́ gbá ìgò, omi dà sí i láṣọ. Oníbàárà tó ń fá lórí lọ́wọ́ sá jáde pẹ̀lú orí àbọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Mo fi omi bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kún ìgò náà padà kí Ìyá Ìgò má baà rí i pé ó dín, mo dé e pa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òjò. Mo lọ. Ìgò mẹ́rin. Owó yìnyín tí a fi ń tọ́jú wọn ti di ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ lóṣù tó kọjá. Obìnrin tó ń tà á ní iná mànàmáná ló fà á. Mo ní, ṣé iná wá ń ta yìnyín báyìí?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ gaara bí omi òjò. Ìyá Ìgò gbé wọn sí ojú fèrèsé, ó yí wọn síhìn-ín, ó yí wọn sọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Bàbá, ṣé Kòtò náà lẹ ti bu èyí?"

"Kòtò náà ni."

Ó wá ṣàlàyé fún mi, ó fi ìka àtàńpàkò ẹsẹ̀ tó yọ lẹ́nu simẹ́ǹtì tọ́ka sí ìgò bí tíṣà. Ó ní ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ò ní afẹ́fẹ́ rárá. Àwọn kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí ojú ò lè rí, àwọn ló ń sọ omi di èyí tó ń rùn bí ẹyin tó bà jẹ́. Imí-ọjọ́ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Omi náà á mọ́ lójú ṣá. Ṣùgbọ́n bí imí-ọjọ́ bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, tí wọ́n tò gbọọrọ bí ọmọ ilé-ìwé, omi á pọ́n rúsúrúsú. Polisọ́fáìdì ni wọ́n ń pè é.

"Orúkọ yẹn gùn ju ọkọ̀ mi lọ," mo ní. "Pọ́lì ni màá máa pè é."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní Pọ́lì lè gbé májèlé tó ti sùn sínú ẹrẹ̀ jáde wá sínú omi, kó dé ara ẹja, kó dé abọ́ wa. Bí ó bá wà ní Kòtò lóòótọ́, àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìyẹn ni gbogbo ìwé tó ń kọ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé dúró lé.

"Kí ló ń mú kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú?"

"Ohun púpọ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ pàápàá tó o. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bí ìgò bá ṣí, inú ìgò ni yóò ti pọ́n, kì í ṣe inú adágún. Irọ́ gbuu ni màá kọ sínú ìwé. Wọ́n lè lé mi kúrò ní yunifásítì. Àmọ́ abẹ́ omi lẹ ti dé e, àbí?"

Ẹ̀rín tí mo rín lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ gbẹ lẹ́nu mi níbi tí mo dúró sí.

Mo ní, "Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dé ìgò?"

Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ó gbà á bí ìdáhùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti pinnu láti jẹ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Mo fọ ẹnu, mo tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ nílé ìjọsìn. Mo jáde, mo bá a lójú fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí.

"Bàbá, ẹ bá mi mú Pọ́lì wá lónìí o."

Pọ́lì, ó ní. Ó ti ń fi orúkọ tí mo sọ ọ́ pè é.

Ní èbúté, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo gbé ìgò kejìlá lé itan. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ń yọ̀ lórí ìdérí, mo bọ́ ọ. Mo da ṣíbí kan jáde, mo fi omi ojú adágún dí i, mo dé e. Ó rọrùn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó pọ́n. Ó pọ́n dáadáa.

Ìyá Ìgò kó ìwé kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó bi mí bí omi Kòtò ṣe máa ń yí nígbà òjò, ibi tí ẹja ti máa ń kú léfòó, àsìkò tí òórùn rẹ̀ máa ń dé èbúté. Mo ń sọ, ó ń kọ. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀! Ìyá rẹ̀ mú tíì wá fún wa bí ẹni pé àlejò ni wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé méjèèjì, ẹ má da tíì sínú ìgò yín o."

Ní ìrọ̀lẹ́ ó kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ṣe é jù lánàá. Ìgò kẹrìndínlógún funfun bí omi ọṣẹ. Ìyá Ìgò ní afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́, bóyá ìdérí ò dáa, ó kọ "ó bà jẹ́" sí i lára. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Òun ló ń bẹ̀ mí!

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ṣíbí kan jáde, ṣíbí kan wọlé, mì í lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń fi oyè ọ̀mọ̀wé dá èké lọ́lá, màá ti gba tèmi ṣáájú ọmọ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òrùka mi ti dúdú.

Òrùka fàdákà ni, òrùka ìgbéyàwó wa, ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti wà lọ́wọ́ mi. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Omi Kòtò ló ṣe é. Ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ gígùn dé ìgúnpá kò yẹ kí òrùka rẹ̀ dúdú, Ìyá Ìgò sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo fẹ́ bọ́ ọ. Kò bọ́. Mo fi ọṣẹ sí i, kò bọ́. Mo fi òróró sí i, mo fi eyín fà á, ìka wá wú.

Ìyàwó mi, ìyálé ilé, bá mi nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú òróró dé ọrùn ọwọ́. Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ bọ́ òrùka fún?"

"Ó ń yún mi."

"Láti ọdún mẹ́tàlélógójì, òní ló yún yín. Ta lorúkọ ẹ̀?"

"Pọ́lì," mo ní. Mi ò lè pa á mọ́ra.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, òun á sì mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Mo fi báńdéèjì di ìka. Mo ní etí ọkọ̀ ló fún un pọ̀. Onígbàjámọ̀ ní èmi àti ọmọ mi ti di ilé aláìsàn, ọ̀kan ẹsẹ̀, ọ̀kan ìka. Mo lọ. Mo ṣí ìgò kẹrìnlélógún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo sùn sílẹ̀, mo ní ara mi ò yá. Mo kérora dáadáa, mo tiẹ̀ fi ikọ́ sí i.

Ìyá Ìgò tiro wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Bàbá, ẹ sinmi. Apẹja tó wà nílé kejì ti ní òun á bá mi lọ."

Mo dìde jókòó. Ìgò apẹja á mọ́ gaara. Ìgò ẹnikẹ́ni á mọ́ gaara. Bí mo bá lọ, màá tún ṣí i. Bí n kò bá lọ, àṣírí á tú. Mo ti dẹ ìgèrè fún ẹja ní ìgbà ọ̀dọ́ mi, mo mọ bó ṣe rí. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀, ó sì dán; gbogbo igi inú rẹ̀ ló kọjú sínú. Ẹja tó bá ti wọlé lè máa lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú ẹ̀ bó ṣe wù ú.

Mo ní ara mi ti yá. Ìyálé ilé ní irú ìwòsàn báyìí, kí wọ́n máa tà á.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òjò ọjọ́ kẹta nìyí. Òrùlé ń jò sórí pákó ìgò, a gbé tábìlì sáàárín yàrá, a ò ráyè rìn mọ́. Gbogbo ilé ń rùn. Ìka mi ń lù kìkìkì lábẹ́ báńdéèjì. Mo lọ. Mo ṣí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje

Lẹ́tà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ó fẹ́ lọ sórí Kòtò kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ìyá Ìgò dì mọ́ mi, ó fi igi tó fi ń tiro gbá mi lẹ́yìn nínú ìdùnnú. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa tukọ̀ wọn o!"

Wọ́n ní irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tíì lo ogójì ọjọ́, mo sì ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ó kán ásíìdì díẹ̀ sínú ìgò kẹrìndínlógójì lójú mi. Àwọ̀ ìyeyè ṣí lọ, omi di wàrà, òórùn dé tí gbogbo wa fi sá síta. Ìyá Ìgò ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rí nìyẹn, Pọ́lì ni lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè bá òun jiyàn mọ́.

Òótọ́ ni. Pọ́lì ni. Ilé tí wọ́n ti bí i nìkan ni ọmọ mi kò mọ̀.

Mo lọ sórí omi lọ́sàn-án. Ọlọ́run mọ̀ pé mo tún ṣí ìgò nọ́ńbà ogójì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ìyá Ìgò ní báńdéèjì mi ti ń rùn, òun á wò ó. Mo ní kò pọn dandan. Ìyá rẹ̀ wá sẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi léjìká bí ọlọ́pàá.

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá, Bàbá."

Ó tú u. Ìka ti wú bí iṣu kékeré, òrùka dúdú wọ inú ẹran.

"Egbò dà?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Ìyá Ìgò ò béèrè egbò. Ó ń wo òrùka. Ó ní kí ìyá òun gbé ìbọ̀wọ́ mi wá láti ara ìṣó. Ó bu omi kún un, ó gbé e sókè, ó dúró. Omi kankan ò kán sílẹ̀.

"Ìbọ̀wọ́ yìí ò jò."

"Òrùka náà ti darúgbó ni," mo ní. "Ẹni tó bá gbé pẹ̀lú ìyá ẹ ní ọdún mẹ́tàlélógójì..."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyálé ilé gbé ọwọ́ kúrò ní èjìká mi.

"Bàbá. Ìgò mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Bàbá."

"Mẹ́sàn-án."

Ó di báńdéèjì tuntun fún mi. Ó dì í jẹ́jẹ́, kò fún un le rárá. Lẹ́yìn náà ó tiro wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Oúnjẹ mi ń dé, ẹnu ò dé pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Alágbẹ̀dẹ fi ẹ̀mú gé òrùka. Ó béèrè bóyá ìyàwó mi kú ni. Ìyálé ilé wà lẹ́yìn mi, ó ní, "Rárá o. Ọgbọ́n ẹ̀ ló kú." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọkùnrin gìrìpá kan ni mo ń retí. Obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà òjò ló sọ̀ kalẹ̀.

Kó tó jókòó tán ni ọmọ mi ti sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá mi, ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà, kì í ṣe òótọ́. Inú ìgò ló ti pọ́n. Ẹ má bínú." Kò dárúkọ mi. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó wo ilẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ sídìí pákó ìgò. Ó gbé ìgò kan, ó yí i, ó gbé òmíràn. "Ogójì ìgò. Ta ló mọ èyí tí afẹ́fẹ́ wọ̀? Gbogbo ẹ̀ ni ká dà nù. Kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, bí wọ́n bá ṣì gbà yín láyè."

Ọdún méjì.

"Mo mọ̀ ọ́n," mo ní. "Èmi ni mo ṣí wọn. Mo mọ gbogbo wọn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí mi. "Ẹ ní àkọsílẹ̀?"

Mo gbé ìwé yìí wá. Ó ṣí iwájú rẹ̀. Ogójì ìgbà ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́wọ́ ara mi: a dé e lábẹ́ omi, a kò ṣí i. Ó kà á, ó pa á dé.

Ó ní, "Àwọn tí ẹ ò ṣí, ẹ dé wọn dáadáa. Mi ò rí ìfófòó kan. Ọwọ́ yín dára, Bàbá." Ó dùn mí ju èébú lọ. "Ẹ kọ òótọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Màá yẹ ìgò kọ̀ọ̀kan wò nílé iṣẹ́ wa. Bí ìwé yín bá bá ìgò mu, a ó gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n yòókù. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, gbogbo ẹ̀ lọ."

Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ gbé ìwé mìíràn.

"Rárá," ni Ìyá Ìgò wí. Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. "Inú èyí náà ni. Ọjọ́, nọ́ńbà, ohun tẹ́ ẹ ṣe, àti ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje

Èyí ni mo kọ síwájú ìwé láàárọ̀ yìí. Mo tún un kọ síbí.

Mo ṣí ìgò kẹrin, ìkejìlá, ìkẹrìndínlógún, nọ́ńbà ogún, ìkẹrìnlélógún, ìkejìdínlọ́gbọ̀n, ìkejìlélọ́gbọ̀n, ìkẹrìndínlógójì àti nọ́ńbà ogójì. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì onígbàjámọ̀ ni mo fi dí àkọ́kọ́. Omi ojú adágún ni mo fi dí àwọn yòókù, ṣíbí kọ̀ọ̀kan, àfi ìkẹrìndínlógún tó gba mẹ́ta. N kò ṣí òmíràn. Omi Kòtò mọ́ gaara. N kò rí àwọ̀ ìyeyè kankan níbẹ̀ rí.

Mo ṣí èyí àkọ́kọ́ fún ẹ̀rín. Mẹ́jọ yòókù, mo ṣí wọn nítorí pé ọmọ mi sọ pé, "Bàbá, ẹ wá wò ó."